Alága Tó Fi Òróró Pa Òkun Lẹ́nu Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún èmi tí mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ni ilé tíì tó wà lẹ́nu afárá èbúté Port Wirrin. Màmá Garrity ni wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó lè wọ ọkọ̀ tàbí kó sọ̀kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa láìgba iwájú fèrèsé mi kọjá. Bí mo bá bù mọ́ ọ̀rọ̀ níbòmíràn, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ní ti Alága Horace Tunnicliffe, n ò ní bù mọ́ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ti bá wa bù mọ́ ọn.

Alága Ìgbìmọ̀ Èbúté ni. Èbúté ọ̀hún kò ju afárá onígi kan, ilé ìkẹ́rùsí kan àti òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò ṣúgà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pè é ní "Èbúté Mi," ẹ ó rò pé ìgbì òkun ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Ó ní fìlà ìpàdé, ó ní fìlà òjò, ó ní fìlà ìsìnkú. Akọ̀wé rẹ̀, Percival Oddie, ló ń gbé àpótí fìlà tẹ̀ lé e kiri. Oddie yìí, kí Alága tó parí àwàdà ni yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan Alága sín nínú ìpàdé. Oddie kọ ọ́ sínú ìwé pé Alága sọ̀rọ̀ ṣókí, gbogbo ilé sì fọwọ́ sí i.

Ọdún 1934 ni ọkọ̀ òfurufú tó ń bà sórí omi bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ wa, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tó bá ń bọ̀ láti àríwá tó ń lọ sí Brisbane. Corella ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ẹyẹ funfun aláriwo tó ń da igi ìlú wa láàmú, orúkọ sì ro ọmọ. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló rọ̀ sáàárín ìyẹ́ òkè àti ìyẹ́ ìsàlẹ̀. Ikùn rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi gidi, tòun ti ìdákọ̀ró. Èrò méjìlá ló ń gbé. Àwọn yẹn jókòó nínú ilé, wọ́n ń mu ọbẹ̀ gbígbóná nínú ife. Awakọ̀ àti ìkejì rẹ̀ jókòó síta gbangba níwájú, òjò ń pa wọ́n. Máìlì márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló ń sá ní wákàtí kan, bí atẹ́gùn kò bá kọjú sí i. Bí atẹ́gùn bá kọjú sí i, ẹ má béèrè. Ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti kàn án, ó ti fi ọdún mẹ́rin gbé lẹ́tà lórí òkun àwọn ẹlòmíràn kó tó kàn wá, nítorí náà àbùlẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀, àràárọ̀ sì ni wọ́n ń gbọ́n omi kúrò nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ni Corella kórìíra: ẹrù tó pọ̀ jù àti omi tó dákẹ́ jù. Nígbà tí omi bá tẹ́jú bíi dígí, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, bí àwo tó tutù ṣe ń lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ìgbì kéékèèké ló ń já a gbà. Ìdí nìyẹn tí Wally Brannock, ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré èbúté, fi máa ń sáré síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀ kí omi lè rú. Gbogbo ọmọ Port Wirrin ló mọ èyí. Alága nìkan ni kò mọ̀, torí ta ni yóò sọ nǹkan fún ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan tán?

Wàyí o, Wally ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Vera Lomas, aránṣọ. Ojú òsì Vera ti kú láti kékeré. Ọ̀tún ló fi ń ríran, òun ló fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Oṣù kejì ọdún yẹn ni ojú ọ̀tún náà pọ́n wá, tó ń ro ó débi pé ó máa ń gbórí lé ògiri tútù ilé ìdáná mi, tí yóò máa sunkún láìsí ariwo. Nọ́ọ̀sì wa wò ó, ó ní, "Vera, Brisbane ni dókítà tó lè gbà á là wà. Bó bá fi lé lọ́sẹ̀ kan sí i, ojú náà ti lọ nìyẹn." Ìkún omi sì ti wó afárá rélùwéè. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kò sì ní dé títí ìparí oṣù. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú Corella, wọ́n sì kọ orúkọ Vera sí i. Inú gbogbo wa dùn. Vera ti di ẹrù rẹ̀.

Àfi bí Alága ṣe gbọ́ pé Mínísítà yóò wà ní Brisbane lọ́jọ́ tí Corella bá balẹ̀, pé wọn ó ya fọ́tò.

Inú ilé tíì mi ni wọ́n ti ṣe ìpàdé, torí ìjì ti ká òrùlé gbọ̀ngàn ìlú lọ. Alága dìde, ó dé fìlà ìpàdé.

"Ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀," ló wí, "ìlú tí Alága rẹ̀ kò tíì fò, ìlú tó ṣì ń rá kòrò ni. Tinútinú ni mo fi gbà láti fò fún yín. Mo gbà láti jìyà òfurufú lórí yín!"

"Háà, ẹ̀mí ìrúbọ!" ni Oddie wí, ó fi aṣọ ìnujú nu ibi tí omijé ì bá wà.

Wally dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Àyè ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ojú rẹ̀ ni."

"Wally," ni Alága wí, ó rọra sọ ọ́ bíi pásítọ̀, "ìlú ló ṣáájú ẹnì kan. Sọ fún Vera pé kó wá sí èbúté kó wá wò mí bí mo ṣe ń lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù lójú rẹ̀ á tó ìyẹn ṣe."

Oddie rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń bu tíì fún wọn. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo bu tíì Alága kún débi tó fi dà sí i lẹ́sẹ̀, ó sì rò pé ọ̀wọ̀ ló ń gbọ̀n mí.

Ìṣòro kan ló wà. Gbogbo èrò Corella gbọ́dọ̀ jókòó lórí òṣùwọ̀n ṣúgà lójú gbogbo ayé kó tó wọlé, kí awakọ̀ lè mọ ẹrù tó gbé. Òkúta la fi ń ka ìwọ̀n ènìyàn lọ́dọ̀ wa, òkúta kan sì jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́rìnlá. Vera jẹ́ òkúta mẹ́jọ. Alága ní òun kò ní jókòó síbi tí wọ́n ń wọn ṣúgà láé. Ni Oddie bá dábàá pé kí Ìgbìmọ̀ dìbò lórí ìwọ̀n Alága. Ọ̀kan nínú wọn ní òkúta mẹ́tàlá. Alága wò ó. Ó yára sọ ọ́ di méjìlá. Alága kò yéé wò ó. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti fẹnu kò pé òkúta mọ́kànlá ni Alága wọn, Oddie sì lu ìwé náà ní òǹtẹ̀.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ẹni tó wà ní ìkángun kejì á dìde láìfẹ́.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ omi. Nígbà tí Corella kọ́kọ́ dé, ìgbì rẹ̀ ti ta sí Alága lára, fìlà ìpàdé rẹ̀ àtijọ́ sì bá omi lọ. Ó búra pé lọ́jọ́ tòun, òkun gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe Òfin Ìdákẹ́jẹ́ Omi. Kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ kankan tí yóò mira lójú omi lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe tọba, ìbáà ṣe ti apẹja. Ẹni tó bá da omi rú, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sọ òkúta sómi. Kí wọ́n de pẹ́pẹ́yẹ mọ́lẹ̀. Wọ́n yan ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí ìlú ní láti máa lé ẹyẹ òfú, torí bí àwọn yẹn ṣe ń ṣubú sómi kò ní ìtìjú. Alága sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àṣẹ ẹnu kankan, ìbáà ti ẹnu òun Alága jáde, kò lè yí òfin náà padà, àfi tí Ìgbìmọ̀ bá jókòó lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n sì lu ìwé tuntun ní òǹtẹ̀.

Oddie wá fi tirẹ̀ kún un. Àwọn apẹja wa a máa kán epo ẹ̀dọ̀ ẹja àkùràkúdà sómi, kí ojú omi lè mọ́lẹ̀ kedere kí wọ́n rí ìsàlẹ̀. Ìkán kan, méjì, ó tó. Oddie ní, "Ọ̀gá, bí ìkán méjì bá ń pa ìgbì, kí ni agba mẹ́fà á ṣe?"

"Oddie," ni Alága wí, "nígbà mìíràn o máa ń ronú bí èmi."

Wally wá bá mi nídìí ààrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́. Ẹ má ṣe sọ nǹkan kan fún Kápútẹ́nì tó ń wa Corella o."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Wally, epo wo? Òfin wo? Èmi obìnrin onítíì, kí ni mo mọ̀?"

Lọ́jọ́ náà, Corella balẹ̀ ní agogo méje àárọ̀. Nígbà tí Kápútẹ́nì Rennick àti èkejì rẹ̀ ń jẹ ẹyin díndín lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n kẹ̀yìn sí fèrèsé, Oddie wà lẹ́yìn afárá tó ń da epo. Agba mẹ́fà! Òórùn náà gba ìlú. Ajá sá lọ sínú oko ìrèké. Kápútẹ́nì béèrè pé kí ló ń rùn, mo ní ẹyin náà ti pẹ́ díẹ̀, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìgbà tí wọ́n jáde, omi ti tẹ́ pẹrẹsẹ, o lè fi ṣe dígí fi gé irùngbọ̀n. Ẹgbẹ́ onífèrè ìlú tò sórí afárá, wọ́n ti pàṣẹ fún wọn pé ìṣẹ́jú tí Corella bá gbéra ni kí wọ́n fun orin ìyìn Alága tí Oddie kọ. Òkúta ìrántí kan wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Vera náà wà níbẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ dání, aṣọ funfun wé mọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀, nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ mú. Mo ní, "Vera, jókòó." Ó ní, "Màmá, bí mo bá jókòó, ó dà bíi pé mo ti gbà."

Alága bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní ẹ́ńjìnnì Corella jẹ́ mẹ́fà. Kápútẹ́nì ní mẹ́ta ni. Alága ní mẹ́ta tó hàn ni Kápútẹ́nì ń kà. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá gbéra lónìí, kì í ṣe epo pẹtiróòlù ló gbé e, ìfẹ́ ará ìlú ni. Ó ṣí aṣọ lórí òkúta, wọ́n ti gbẹ́ ẹ síbẹ̀ gàdàgbà: NÍ IBÍ NI ALÁGA HORACE TUNNICLIFFE TI WỌ ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ. Oddie pàtẹ́wọ́ títí fìlà ìsìnkú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kápútẹ́nì wo ìwé ìwọ̀n. Ó wo Alága. Ó tún wo ìwé. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, aago sì ń lọ, ìkùukùu dúdú ti ń gbárajọ lápá gúúsù. "Mo gbọ́dọ̀ kúrò níbí kó tó di agogo mọ́kànlá," ló wí, "àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìjì á pàdé mi, n ò sì ní lọ lónìí mọ́." Wọ́n ti Alága wọlé. Ẹnu ọ̀nà rojọ́.

Corella ké, ó fọ́n omi, ó sáré dé ìpẹ̀kun omi wa. Kò gbéra. Ó padà. Ó tún sáré. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, omi epo di í mú nídìí bí ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sójú ogun. Lẹ́ẹ̀kẹta, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kápútẹ́nì pa ẹ́ńjìnnì, ó dìde dúró nínú ihò awakọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló da epo sí omi yìí? Wally! Da omi rú fún mi, kíá!"

Wally wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. "Kápútẹ́nì, ó dùn mí o. Òfin wà. Bí mo bá mira, iṣẹ́ mi bọ́."

Alága yọ orí láti fèrèsé. "Wally! Èmi Alága ni mo sọ ọ́, da omi náà rú!"

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ ẹnu ni. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé àṣẹ ẹnu kò tó, kódà tó bá tẹnu yín jáde. Àfi kí Ìgbìmọ̀ jókòó. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ." Ó ṣí fìlà. "Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, Ọ̀gá. Òfin náà dùn."

Ariwo ẹ̀rín sọ lórí afárá. Wọ́n fi okùn fa Corella padà, wọ́n yọ Alága jáde. Bó ṣe tẹsẹ̀ kan afárá, Kápútẹ́nì na ìka sí òṣùwọ̀n ṣúgà.

"Ẹ jókòó síbẹ̀, Alàgbà."

"Èmi? Ìgbìmọ̀ ti wọ̀n mí!"

"Ọkọ̀ mi kò sí nínú Ìgbìmọ̀. Ẹ jókòó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́."

Ó jókòó. Òṣùwọ̀n náà ké. Ọ̀gá àwọn tó ń wọn ṣúgà ti irin tó ń ka ìwọ̀n síwájú, ó ti í, ó tún ti í, ó wá pariwo bó ṣe máa ń ṣe ní ìgbà ìkórè: "Òkúta mọ́kàndínlógún!"

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mọ́kànlá kúrò nínú mọ́kàndínlógún, ó ku mẹ́jọ. Odindi Vera kan ni Alága gbé pamọ́ sábẹ́ kóòtù!

"Ìyáàfin Lomas," ni Kápútẹ́nì wí, "orúkọ yín ló wà nínú ìwé mi. Ẹ wọlé."

Vera rìn kọjá níwájú òṣùwọ̀n, nọ́ọ̀sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó dúró. Kò pariwo. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kẹ́ ẹ máa wò mí bí mo ṣe ń lọ. Ojú yín méjèèjì ló dá."

Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi ṣì tẹ́, òfin ṣì wà, agogo mọ́kànlá sì ku ogún ìṣẹ́jú. Alága ká apá mọ́ àyà lórí òṣùwọ̀n.

"N ò pe ìpàdé," ló wí. "Bí èmi ò bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Mo rí Wally tó tú okùn ọkọ̀ rẹ̀, tó tún so ó padà. Òun ló dọ́gbọ́n náà, ọgbọ́n náà sì ti fẹ́ pa ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń wo bàtà wọn.

Oddie ló mira. Epo àkùràkúdà ti rin ín láti orí dé ẹsẹ̀, eṣinṣin ń bá a ṣọ̀rẹ́. Ó wo Vera lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó wo àpótí fìlà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Vera ló rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó mi," ló wí, bíi pé ẹnì kan ń bá a jiyàn. "Alága wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó jókòó. Ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀, ẹ jókòó!"

Wọ́n jókòó sórí pákó afárá, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ọmọ iléèwé. "Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin náà kú, kó nawọ́." Ọwọ́ mẹ́fà lọ sókè.

"Oddie!" ni Alága ké. "Ta ló fún ọ láyè?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ọ̀gá. Ẹ ní nígbà mìíràn mo máa ń ronú bí ẹ̀yin. Òní kọ́." Ó yọ òǹtẹ̀ nínú àpò, ó lù ú gbì mọ́ ìwé.

Mi ò lè sọ bí a ṣe bọ́ sómi. Wally ti lọ ná. Àwọn apẹja bọ́ sínú ọkọ̀ wọn, obìnrin, ọkùnrin, ọlọ́pàá náà fi àwọn ẹyẹ òfú sílẹ̀ ó wa ọkọ̀ tirẹ̀. À ń fi àjẹ̀ lu omi, à ń fi garawa gbọ́n ọn sókè. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo fi páànù tíì mi ń gbá omi, mò ń bú u pé, "Rú! Rú, ìwọ omi aláìlójútì!" Omi sì rú. Corella gba àárín wa kọjá, ó ń fò pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ìgbì, ikùn rẹ̀ já kúrò lára omi, mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo sunkún, n ò purọ́.

Àwọn onífèrè ò gba àṣẹ míì. Bí Corella ṣe gbéra, wọ́n fun orin ìyìn Alága láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun náà ṣì wà lórí òṣùwọ̀n, kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Epo náà wọ àárín àwọn òkúta etídò, ó ba àwọn ẹja oníkarawun jẹ́, àwọn tó ń pa wọ́n tà kò sì dárí ji Alága. Nígbà ìdìbò oṣù kẹta, ìbò mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, a ò tíì mọ ẹni tó di ẹ̀kẹta. Oddie ní kì í ṣe òun.

Òkúta ìrántí náà wúwo, kò sẹ́ni tó fẹ́ hú u. Ìgbìmọ̀ tuntun ní kí agbẹ́kùúta fi ìlà kan kún un.

Ọ̀sẹ̀ keje ni Vera padà dé. Ó sọ̀kalẹ̀ láti inú Corella fúnra rẹ̀, kò di ẹnikẹ́ni mú. Wally fẹ́ gba báàgì rẹ̀, ó ní kó fi sílẹ̀. Ó dúró níwájú òkúta náà. Wally la ẹnu láti kà á fún un.

"Dákẹ́," ni Vera wí. "Èmi ni mo máa kà á."

Ó sún mọ́ ọn, ó fi ojú ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ lé lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè kí gbogbo afárá gbọ́: "Ní ibí ni Alága Horace Tunnicliffe ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní ibí kan náà ni ó ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ sì fò."

Ó fọwọ́ pa lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ ìlà kejì yìí, ọwọ́ rẹ̀ kò gún tó ti àkọ́kọ́."

Mo wọlé lọ gbé ìkòkò tíì kaná.